Ta Ni Ó Ni Afẹ́fẹ́?

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí eré ọmọdé ní etí ẹni tí kò bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ: ta ni ó ni afẹ́fẹ́? Bí a bá bi ọmọ kíláàsì kejì, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì dáhùn pé kò sí ẹni tí ó ni ín. Bí a bá bi àgbàlagbà, yóò ní Ọlọ́run ni ó ni ín. Ìdáhùn méjèèjì tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó parí ọ̀rọ̀ nínú wọn. Nítorí láti ìgbà tí ènìyàn ti mọ bí a ti ń fi afẹ́fẹ́, oòrùn àti omi tí ń ṣàn tan iná mànàmáná, afẹ́fẹ́ ti di ohun tí ń mú owó wọlé. Níbi tí owó bá sì ti ń wọlé, ó di dandan kí ẹnì kan máa gbà á. Ta ni ẹni náà? Ṣé ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ni, tàbí ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí a gbé ẹ̀rọ lé, tàbí àwọn tí afẹ́fẹ́ náà ti ń fẹ́ lu ilẹ̀kùn wọn láti ayé àwọn baba ńlá wọn?

Mo fẹ́ kí àwa olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé bí ó tilẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ìwà ni.

Ní ilẹ̀ wa, odò kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tí ó bá tètè jí ni yóò kọ́kọ́ pọn omi tí ó tòrò, ẹni tí ó bá pẹ́ yóò pọn èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti rú. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò dúró ní etí odò láti gba owó. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbẹ́ kànga sí àgbàlá rẹ̀, a kì í bá a jiyàn pé tirẹ̀ ni kànga náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ni ó dá omi tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi kọ́ ni ó rà. Ọ̀nà tí omi gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó fi òógùn ojú rẹ̀ rà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti afẹ́fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni ó ń fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ń yí kì í ṣe ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wáyà tí ń gbé iná lọ sí ilé, àti bátìrì tí ń tọ́jú rẹ̀ di òru. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé ó tọ́ kí ẹni tí ó ní owó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ kí ó sì máa ta iná fún ẹni tí kò ní. N kò sọ pé èrò náà burú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì wà, èyí ni pé kí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn jọ gbẹ́ kànga, kí wọ́n sì jọ ni ín.

Ní kété tí a bá sì ti sọ èyí tán, àwọn àgbà tí ó wà ní ìjókòó yóò mi orí, nítorí wọ́n ti rí bí ohun àjọní ṣe máa ń parí. Ewúrẹ́ tí ìdílé mẹ́fà bá jọ rà, ebi ni ó sábà máa ń pa á. Ìdílé kọ̀ọ̀kan rò pé ìdílé yòókù ti fún un ní èèpo iṣu. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa gan-an nìyí: ǹjẹ́ ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn lè rí ìtọ́jú bí ohun tí ó jẹ́ ti ẹnì kan? Bí ó bá sì lè rí i, kí ni yóò gbà lọ́wọ́ olúkúlùkù? Dípò kí n fi àlá dáhùn, èmi yóò fi erékùṣù kékeré kan dáhùn.

Ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Skọ́tíláńdì ni erékùṣù náà wà, nínú òkun tí kì í sábà dákẹ́. Eigg ni orúkọ rẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò ju kìlómítà 9 lọ, ìbú rẹ̀ kò ju 5 lọ, òkè àpáta ńlá kan tí wọ́n ń pè ní An Sgùrr sì dúró lókè rẹ̀ bí Olúmọ ti dúró lókè Abẹ́òkúta. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, onílẹ̀ kan ṣoṣo ni ó máa ń ni gbogbo erékùṣù náà, ó sì lè tà á fún onílẹ̀ mìíràn bí ẹni ta oko, tòun ti àwọn ènìyàn tí ń gbé orí rẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú ilé kò dá a lójú pé òun yóò wà níbẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Nítorí náà, ta ni yóò fi owó ara rẹ̀ tún òrùlé ṣe? Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1997 ni ìyẹn dópin. Àwọn ará erékùṣù náà, tí wọn kò ju nǹkan bí 65 lọ nígbà náà, pa pọ̀ pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ wọn àti ẹgbẹ́ kan tí ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, wọ́n sì ra ilẹ̀ náà ní nǹkan bí pọ́n-ùn 1,500,000. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó dá owó fún wọn láti ìta, apá tí ó tóbi jù lọ nínú owó náà sì ti ọwọ́ obìnrin kan tí kò jẹ́ kí a mọ orúkọ òun wá.

Wọ́n ti ni ilẹ̀ wàyí, ṣùgbọ́n òkùnkùn ṣì wà. Wáyà iná ìjọba kò dé ibẹ̀, owó tí yóò gbà láti fà á gba abẹ́ òkun sì pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ná lọ nítorí ìwọ̀nba ilé bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù ni ó ra jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé epo dísẹ́ẹ̀lì wá fún un. Àwọn díẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré nínú odò tí ó kọjá lẹ́bàá ilé wọn. Ẹni tí ó bá ní epo tan iná, ẹni tí epo rẹ̀ bá tán sùn. Ariwo kò sì jẹ́ kí ẹni tí ó sùn gbádùn oorun. Àwa tí a ń ka ìwé yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé irú ìgbé-ayé bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2008 ni wọ́n tan iná tiwọn. Odò mẹ́ta ni wọ́n fi sí iṣẹ́, èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ń fún wọn ní kílówáàtì 100 nígbà tí òjò bá rọ̀ dáadáa. Wọ́n gbé ẹ̀rọ mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ ń yí sí abẹ́ An Sgùrr, kílówáàtì 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ́ pátákó tí ń gba oòrùn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kílówáàtì 10 ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì sọ di 50 lẹ́yìn náà. Wọ́n rì wáyà mọ́ ilẹ̀ kí ìjì má baà rí i já. Àwọn ohun mẹ́ta wọ̀nyí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn: ní ìgbà òtútù òjò pọ̀, afẹ́fẹ́ le, oòrùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn odò fà, oòrùn a sì gba ipò rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ méjì wà ní ìpamọ́ fún ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀. Nǹkan bí ìpín mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tí wọ́n ń lò ni ó ń wá láti inú òjò, afẹ́fẹ́ àti oòrùn.

Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan yóò wí pé: iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ni gbogbo èyí, kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ohun tí ó kàn wá kò sí nínú ẹ̀rọ. Ó wà nínú òfin kan tí wọ́n ṣe kí iná náà tó dé: kò sí ilé tí ó gbọdọ̀ lo ju kílówáàtì 5 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ìtajà tàbí ibi iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ ju 10 lọ. Ẹni tí ó bá kọjá rẹ̀, iná rẹ̀ yóò kú fúnra rẹ̀, ẹnì kan láti inú àwọn tí ń tọ́jú ẹ̀rọ ni yóò sì wá tan án padà fún un, òun yóò sì san owó fún wàhálà náà. Kẹ́tùlù kan ṣoṣo lè gba kílówáàtì 2 tàbí 3 nígbà tí ó bá ń hó omi. Bí ẹ bá gbé kẹ́tùlù kaná, tí ẹ ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ, tí ẹ̀rọ ìfọṣọ sì ń mú omi gbóná, ẹ ti dé ẹnu ààlà.

Níhìn-ín ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹni tí ó lòdì sí òfin náà pẹ̀lú sùúrù, nítorí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní, “Mo ní owó lọ́wọ́. Mo ṣe tán láti san ìlọ́po méjì fún ohun tí mo bá lò. Ẹ̀tọ́ wo ni aládùúgbò mi ní láti pa iná mọ́ mi lójú nínú ilé tí mo fi owó mi tún ṣe? Ǹjẹ́ kì í ṣe òmìnira ni a tìtorí rẹ̀ lé onílẹ̀ lọ? Ṣé a lé ọ̀gá kan lọ kí a lè fi ọgọ́rùn-ún ọ̀gá rọ́pò rẹ̀ ni?”

Ọ̀rọ̀ náà mú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó fara sin nínú rẹ̀. Ó gbà pé bí owó bá ti pọ̀ tó ni iná yóò pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ìlú ńlá, níbi tí ẹ̀rọ ti wà ní ọ̀nà jíjìn, tí ojú kò sì rí ẹni tí iná rẹ̀ kú nítorí tèmi. Lórí erékùṣù kò rí bẹ́ẹ̀. Owó kò lè mú kí òjò rọ̀ ní àṣálẹ́ òní. Ohun tí odò gbé wá ni ó gbé wá. Bí ilé kan bá gba 20 nínú rẹ̀, ilé mẹ́rin ni ó gba ìpín wọn pátápátá. Bí wọ́n bá jẹ́ kí owó pín in, àwọn tí ó dá owó ra ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀ ì bá tún rí i pé omi àti afẹ́fẹ́ ti bọ́ sí ọwọ́ onílẹ̀ tuntun láàárín ara wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ìwé tà á.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, èmi tìkára mi sì rò ó pẹ́. Ìdọ́gba kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú òdodo. Ilé tí ọmọ mẹ́fà wà àti ilé tí arúgbó kan ń dá gbé, kílówáàtì 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ǹjẹ́ a ti ṣe òdodo? Bí a bá fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti alágbára àgbẹ̀ ní òkèlè kan náà, a kò ní pe ìyá tí ó bu oúnjẹ náà ní olódodo. Ìdáhùn wà, mo sì rò pé ó dára, bí kò tilẹ̀ pé tán. Ìwọ̀n náà kò sọ iye iná tí ilé lè lò láàárín oṣù kan. Iye tí ó lè lò ní ìṣẹ́jú kan náà ni ó sọ. Ìdílé ńlá lè lò ju ìdílé kékeré lọ, yóò sì san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Yóò fọ aṣọ ní ọ̀sán, yóò lọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Òfin náà kò pín ọrọ̀, àsìkò ni ó pín. Àwa tí a mọ èsúsú mọ irú ìpín bẹ́ẹ̀: iye kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ ń dá, olúkúlùkù yóò kó owó ńlá ní ọjọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè kó o ní ọjọ́ ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ pé ìyàwó ni ó fẹ́ gbé. Àwọn tí ń ṣe àáró lóko mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Òní lóko mi, ọ̀la lóko rẹ. N kò tíì rí àgbẹ̀ kan tí ó sunkún pé àáró gba òmìnira òun. Ẹni tí a bá bá ṣe àáró, tí kò sì yọjú sí oko ẹlòmíràn, a kì í pè é lẹ́jọ́, a kàn kì í tún pè é mọ́ ni.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a má tètè yìn wọ́n. Ìwà rere tí ẹ̀rọ fi agbára mú ènìyàn hù, ǹjẹ́ ìwà rere ni? Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí kò jalè nítorí pé ilẹ̀kùn tì, àti ẹni tí kò jalè nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀? Ẹ̀rọ kékeré tí ń pa iná ilé tí ó bá kọjá kílówáàtì 5, ilẹ̀kùn tí ó tì ni. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ parí sí, èmi ì bá pe Eigg ní erékùṣù tí ó ní ọgbọ́n, n kì bá pè é ní ohun mìíràn.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn wà. Ìgbà kan a máa wà nínú ọdún tí ọ̀dá dá, tí odò fà, tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, tí bátìrì sì ń lọ sílẹ̀. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ wọn a fi tó gbogbo ilé létí pé ewu wà, kí olúkúlùkù dín iná lílò kù. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹ̀rọ tí ń fi ipá mú ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ náà. Kílówáàtì 5 ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì jẹ́. Bí ó bá lo mẹ́rin àti ààbọ̀, kò rú òfin kankan, kò sì sí ẹni tí yóò lu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wà nínú ilé tirẹ̀, òun àti mítà rẹ̀, ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ sì ni ẹnì kẹta. Ọjọ́ yìí ni mo kà sí ọjọ́ ìdánwò. Wọn kì í ṣe áńgẹ́lì, n kò sì rò pé gbogbo wọn ni ó ń gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n bí èyí tí ó pọ̀ nínú wọn kò bá gbọ́, ètò náà kì bá tí pé ọdún méjì kí ó tó wó, nítorí agbára bátìrì wọn ní òpin. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí tí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ ọ̀pọ̀ náà yẹ kí a wò. Nígbà tí ìjì bá jà, tí odò kún, tí iná sì pọ̀ ju ohun tí gbogbo ilé lè lò lọ, wọn a darí àṣẹ́kù náà sí ibi tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, láti mú gbọ̀ngàn ìpàdé àti ilé ìsìn móoru. Wọn ì bá ti wá ọ̀nà láti pín in fún olúkúlùkù. Ó dùn mọ́ mi pé ohun tí ṣẹ́kù ni ó lọ sí ibi ìpàdé, nítorí ibi ìpàdé náà ni wọ́n ti ṣe òfin ọjọ́ ọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá bojú wo ilé. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà tí ó gbòde ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tí àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé mo sàn ju aládùúgbò mi lọ. Ẹ̀rín ni a fi sọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kan kọ ọ́ sí ara pátákó kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tèmi kò tó láti mú inú mi dùn, àfi bí ilé kejì bá ṣókùnkùn. Gbogbo òpópónà ni ó sì ń ra epo, gbogbo òpópónà ni ó ń fa èéfín símú, owó tí gbogbo wọn jọ ń sun lóṣooṣù ì bá sì ti ra ohun tí ó dára ju èyíinì lọ bí wọ́n bá jọ dá a. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àwa kò mọ bí a ti ń dá owó. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, nígbà tí tiransífọ́mà bá jóná, àwọn ará àdúgbò ni ó ń gbé igbá kiri láti ra òmíràn. Wọ́n ra òpó, wọ́n ra wáyà, wọ́n bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wá gbé e kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tí wọ́n fi owó ara wọn rà bọ́ sí abẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn. Wọn kò ní ohùn nípa iye tí wọn yóò san, tàbí wákàtí tí iná yóò wá. Wọ́n san owó onínǹkan, wọ́n sì gba ipò oníbàárà.

Èyí ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ kan múlẹ̀ lọ́kàn mi: kì í ṣe ẹni tí ó san owó ni ó ni nǹkan. Owó tí wọ́n fi ṣe ètò iná Eigg lé ní pọ́n-ùn 1,600,000, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ó sì wá láti ọ̀dọ̀ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti àwọn àjọ mìíràn tí ń ṣe ìrànlọ́wọ́. Ẹnì kan lè tìtorí èyí wí pé àánú ni wọ́n rí gbà, pé tálákà abúlé tí kò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí owó yẹn, kò bá sí iná yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé ta ni í dìde ní òru nígbà tí ewé bá dí ẹnu ibi tí omi gbà wọ inú ẹ̀rọ. Àwọn kan nínú àwọn ará erékùṣù náà ni a kọ́ ní iṣẹ́ yìí, àwọn ni ó ń tún un ṣe, àwọn ni ó ń ka mítà. Tiransífọ́mà àdúgbò wa, àwa ni a san owó rẹ̀, kò sì jẹ́ tiwa. Ẹ̀rọ Eigg, ẹlòmíràn ni ó san èyí tí ó pọ̀ nínú owó rẹ̀, ó sì jẹ́ tiwọn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ ni ó wọ ọjà yìí. Ní ọdún 1997 kan náà, ìjọba ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì fi àwọn erékùṣù rẹ̀ sí ìdíje pé èwo ni yóò lè fi ohun tí kì í tán pèsè agbára tí ó ń lò láàárín ọdún mẹ́wàá. Samsø ni ó borí, erékùṣù tí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó nǹkan bí 4,000. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sétí. Olùkọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀, Søren Hermansen, ni ó ń lọ láti ìpàdé kan sí òmíràn títí wọ́n fi gbà. (Kí ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ olùkọ́ kò kọjá inú kíláàsì kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.) Ní ọdún 2000 ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ 11 ti dúró lórí ilẹ̀ wọn, ní 2003 mẹ́wàá mìíràn ti wà nínú òkun. Ṣùgbọ́n ìpín ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Mẹ́sàn-án nínú ti orí ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀ tí ó lówó tàbí tí ó lè yá a. Méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ dá owó rà ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba. Ní ìdájọ́ tèmi, èyí kò dọ́gba tó ti Eigg, nítorí opó tí kò ní owó ìpín kò ní ju ìró ẹ̀rọ lọ láti gbọ́. Àwọn náà rí i bẹ́ẹ̀ bóyá, nítorí márùn-ún nínú àwọn ti inú òkun ni ìjọba ìbílẹ̀ rà fún gbogbo ìlú.

Gigha, erékùṣù Skọ́tíláńdì mìíràn tí àwọn ará rẹ̀ rà ní 2002, ṣe é ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àlòkù mẹ́ta ni wọ́n rà, kílówáàtì 225 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ta iná wọn sí ojú wáyà gbogbogbòò, wọ́n sì ń fi èrè rẹ̀ tún àwọn ilé tí ó ti di ẹgẹrẹmìtì ṣe. Wọ́n sọ àwọn ẹ̀rọ náà lórúkọ ní èdè ìbílẹ̀ wọn: Ìgbàgbọ́, Ìrètí, àti Ìfẹ́. Inú mi dùn sí orúkọ kẹta ju ti méjì yòókù lọ nígbà tí mo bá rántí orúkọ jẹnẹrétọ̀ tiwa.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, oòrùn ti ń ṣiṣẹ́ ní àwọn abúlé kan tí wáyà ìjọba kò dé. Ní ọdún 2018 ni abúlé Gbamugbamu, ní ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, bẹ̀rẹ̀ sí í lo iná láti inú ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 85. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni ó gbé e kalẹ̀, ó sì ń ta iná fún àwọn ará abúlé. Ẹni tí ó ti ń lo fìtílà kẹrosíìnì láti ìgbà èwe rẹ̀ kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wá, ó sì rí i. Mo bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ náà kàwé ni yóò béèrè ìbéèrè kejì bí ó bá dàgbà, nítorí oòrùn tí ń ràn sórí pátákó náà ni ó ń ràn sórí oko baba rẹ̀. Bí abúlé bá fẹ́ di onínǹkan, yóò ní láti ṣe ju kí ó dá owó lọ. Yóò yan àwọn tí yóò kọ́ iṣẹ́ náà, yóò sì san owó iṣẹ́ wọn. Yóò ṣe ìṣirò ní gbangba. Yóò gbà pé ìwọ̀n tí a fún baálẹ̀ ni a fún àlejò tí ó dé ní àná, èyí sì ni mo rò pé yóò le jù fún wa. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Bẹ́ẹ̀ ni àjọní kò lè dúró níbi tí a ti ń fojú fo ẹnì kan nítorí ipò rẹ̀.

Ìṣòro tuntun ti dé bá àwọn ará Eigg báyìí, ìṣòro tí ayọ̀ bí ni. Nítorí pé ilẹ̀ ti di tiwọn, tí iná sì wà, àwọn ọmọ tí ó ti lọ ń padà wálé, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń bímọ. Wọ́n ti pọ̀ ju 65 ọjọ́sí lọ dáadáa. Odò mẹ́ta náà kò pọ̀ sí i. Ilé tuntun kọ̀ọ̀kan ń béèrè ìpín tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú ire wo ọmọ ara rẹ̀ kí ó ní kò sí iná fún un. Yálà kí wọ́n wá owó fún ẹ̀rọ mìíràn, tàbí kí wọ́n dín ìwọ̀n tí olúkúlùkù ní kù. Ọ̀rọ̀ náà yóò dé gbọ̀ngàn ìpàdé, wọn yóò sì jiyàn. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ sókè níbẹ̀ pé kí a dín in kù, ilé tirẹ̀ ni yóò padà sí ní alẹ́ ọjọ́ náà, yóò sì dúró kí áyọ́ọ̀nù parí iṣẹ́ kí ó tó gbé kẹ́tùlù kaná.